Èmi Ni Mo Lé Bàbá Rájì Kúrò Lórí Òrùlé Wa

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí mi. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, pé mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ sì kí àwọn aládùúgbò tó gbà yín sílé nígbà tí òrùlé wó. Adéọlá àbúrò mi nìkan ni mi ò ní kí ẹ bá mi kí, torí mo mọ̀ pé ẹ kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Mo lè fi fóònù sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè yín láti sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ òjò àti orúnkún tó ń dùn yín la máa ń sọ títí tá a fi máa dágbére. Lójú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti dá Adéọlá lẹ́bi. Ó yẹ kí gbogbo ẹbí rí èyí náà kà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ máa ń béèrè bí ibí ṣe rí. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds. Ẹ̀rọ á fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, á gbẹ ẹ́, àwa méjì-méjì á wá dì í mú létí, a ó ká a. Obìnrin ará Poland kan lèmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń ká a. A lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìsọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé à ń jà, ọ̀rọ̀ ni kò sí. Òjò ń rọ̀ níbí lọ́pọ̀ ọjọ́, àmọ́ kì í pariwo, yàrá mi sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ilé alájà mẹ́rin. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti gbọ́ òjò lórí páànù kẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo ti gbàgbé ohun tí òrùlé wà fún.

Nígbà tí ìjì oṣù kẹta ká páànù mẹ́jọ kúrò lórí ilé bàbá wa ní Ìdógùn, Adéọlá ló lọ bá Bàbá Rájì káfíńtà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n ju èmi lọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ sì máa ń sọ pé látìgbà náà, ẹ̀kán òjò kan ò tíì kán sórí ìwé orin yín. Bàbá náà gun òkè àjà. Adéọlá ní ṣe ni wọ́n ń fi òòlù kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ́tí sí i, wọ́n á bọ́ sórí òmíràn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ikán ti jẹ igi apá yàrá yín láti inú, àwọn ò sì ní kan páànù tuntun mọ́ igi tó ti kú. Wọ́n ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ tú gbogbo igi apá ibẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Adéọlá pè mí níbi iṣẹ́, ó ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo ní páànù ni ìjì gbé, kì í ṣe igi. Mo ní káfíńtà tó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan wà ní òkè òkun, gbogbo igi ilé ni yóò bàjẹ́ lójú ẹ̀. Ó ní, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò igi náà fún yín. Mo ní kò sí ibi tí èèyàn ò ti lè rí igi tí ikán jẹ ya fọ́tò. Mo ti rí kọńtírákítọ̀ kan lórí ìkànnì ní tèmi, ẹni tó ń gbé fọ́tò ilé aláràbarà síbẹ̀, ó sì ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi parí ẹ̀. Adéọlá bẹ̀ mí. Mo ní èmi ni mò ń sanwó òrùlé yìí, kó lọ sọ fún Bàbá Rájì pé a ò nílò wọn mọ́. Mo tún ní kó má sọ fún yín pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, torí mo mọ bí ẹ ṣe gba ti bàbá náà tó.

Kọńtírákítọ̀ dé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta parí ẹ̀ lóòótọ́. Páànù aláwọ̀ búlúù, ó ń dán. Mo fi fọ́tò ẹ̀ han obìnrin tá a jọ ń ká aṣọ, òun náà ní ó dára.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú yín ló ṣe. Òjò ṣú lọ́sàn-án, ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Igi dá, òrùlé wó lulẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ló wó sí. Nígbà tí mo bá kọńtírákítọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní páànù la pe òun fún, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ igi fún òun. Òótọ́ ló sọ. Mi ò sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí ẹbí pé jọ, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kí èmi náà lè máa gbọ́. Bàbá Kékeré béèrè ẹni tó lé Bàbá Rájì. Adéọlá ní òun ni. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ sọ pé ó fẹ́ pa yín, pé kò gbọdọ̀ wọ ilé yín mọ́. Mo gbọ́ bí àga ṣe dún nígbà tó dìde. Fóònù wà lẹ́tí mi, mi ò sì sọ pé èmi ni.

Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní tẹ́ ẹ bá bínú sí òun, Ọ̀wọ̀ lòun wà, òun lè máa wá bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ èmi lẹ bínú sí, ibo lẹ ti fẹ́ rí mi tí ìbínú náà á fi rọ̀? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo pa fóònù, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, Màámi, ara tù mí lọ́jọ́ náà.

Èmi náà ni mo fúnra mi pe Bàbá Rájì láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà. Mo ti múra pé wọ́n máa bú mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bóyá nǹkan kan ṣe yín. Wọ́n ní àwọn á wá lẹ́yìn Jímọ̀, tá a bá gbà kí àwọn tú igi kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ páànù. Mo gbà. Mo wá sọ fún wọn pé èmi ni mo lé wọn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Adéọlá wá sọ fún àwọn pé kí àwọn máa lọ, kò lè wo ojú àwọn, òun ló sì gbé àpótí irinṣẹ́ àwọn dé ibùdókọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń léni lọ kì í báni gbẹ́rù. Wọ́n ní, ìwọ ọmọ yìí, kì í ṣe èmi ló yẹ kó o máa sọ ọ́ fún.

Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹ ní ẹ fi ọwọ́ yín rún lára igi tí wọ́n tú, tó dà bí ìyẹ̀fun. Wọ́n lo igi líle tí wọ́n là ní Ọ̀wọ̀, wọ́n fi oògùn ikán kùn ún, wọ́n sì ṣa èyí tó ṣì dáa nínú páànù búlúù náà lò, kí ó má bàa ṣòfò.

Ohun kan wà tí ẹ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ sórí òrùlé tuntun yìí, Adéọlá gun ọ̀kadà láti Ọ̀wọ̀ wá sí Ìdógùn. Ó dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó kọjú sí tiyín, ó ń wo òrùlé títí òjò fi dá. Ó ní òun rí yín lójú fèrèsé, tí ẹ jókòó, tí ẹ̀rù ò bà yín. Ó wá padà sí Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn. Kò ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Màámi, ẹ gbé ìbínú yín wá sọ́dọ̀ mi. Ibí ò jìnnà jù fún un. Kí ẹ sì ní kí Adéọlá wọlé.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lókun, kó dá Bàbá Kékeré sí fún wa, kó sì san oore Bàbá Rájì fún wọn nínú ilé wọn. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, mo sì kí Adéọlá.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀