Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Sínú Yìnyín

Màámi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ kírun láìjókòó sórí àga? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, mo ń jẹun, òtútù kò tíì gbé mi lọ. Fọláhànmí, ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ nílé, ni mo fi rán. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, ẹkún ni n óò bú sí.

Ẹ rántí pé Mísìs Adérónkẹ́, tó ni ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà nítòsí Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní kí n fún òun lésì kí oṣù yìí tó parí, bóyá n óò padà sẹ́nu iṣẹ́ mi tàbí kí òun gba ẹlòmíì. Ẹ̀yin ní kí n má dá a lóhùn, pé ẹni tó ti rí Lọ́ńdọ̀nù kì í tún padà wá di ṣọ́ọ̀kì mú. Ẹ ní ẹ wà dáadáa, kí n gbájú mọ́ṣẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Màámi, ìlú yìí tóbi ju ohun tí èèyàn lè dá gbé lọ. Mo mọ ìró bàtà gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé ilé, mi ò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ kan máa ń kọjá tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kan ara mi, àfi bí èrò bá há mi mọ́ inú ọkọ̀ ojú irin.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, yìnyín rọ̀, èyí tí wọ́n ní ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti rọ̀ níbí. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń lu páànù wa gbàgbàgbà. Èyí ò pariwo rárá. Nígbà tí mo ṣí kọ́tìnnì, ìta ti funfun bí ẹni da ẹ̀gbọ̀n òwú sí gbogbo orí ilé. Ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa ní ká jókòó sílé. Mo sáré jáde bí ọmọ tí àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní ilé kéwú. Mo bù ú sọ́wọ́, mo tọ́ ọ wò. Kò dùn, kò korò. Ó ń rún wọ̀mùwọ̀mù lábẹ́ bàtà mi. Àwọn aládùúgbò tí kì í kí ara wọn ń jù ú lu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan jù ú lù mí, èmi náà jù ú padà. Inú mi dùn débi pé mo yíjú láti pe ẹnì kan wá wò ó. Kò sí ẹni tí mo lè pè.

Ìyá òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ yàrá mi jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kí mi káàárọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ti jáwọ́ nínú ìkúnlẹ̀, torí ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti mú mi gbàgbé ibi tí mo wà. Orúnkún mi méjèèjì ti wà nínú yìnyín kí n tó mọ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú òtútù.” Ìyá rò pé mo ṣubú ni. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sáré wá lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ó ki ọwọ́ bọ abíyá mi, ó fẹ́ gbé mi dìde. Díẹ̀ ló kù kí òun gan-an ṣubú, la bá di ara wa mú. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹkún ló jáde. Ó ń gbọn yìnyín kúrò lára aṣọ mi, ó ń bi mí pé ibo ló ń dùn mí.

Ó mú mi wọlé, ó fún mi ní tíì. Philip ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Kánádà ló wà, ni mo bá ń pè é ní Ìyá Philip. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó wá sọ pé lọ́dún tó kọjá, òun ṣubú ní ilé ìwẹ̀, òun ò sì lè dìde láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Philip pè é, ohun tó sọ fún un ni pé, “Mo wà dáadáa, ọmọ mi, gbájú mọ́ṣẹ́ ẹ.” Màámi, ohùn yín ni mo gbọ́. Mo rántí ọjọ́ méjì tí ẹ ò gbé fóònù lóṣù tó kọjá, tí ẹ ní kò síná tí ẹ máa fi ṣáájì ẹ̀. Mo rántí pé láti ìgbà tí Bàbá ti kú, gbogbo yàrá ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà ní títì àfi tiyín. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Bí ẹ bá ṣubú, ta ni yóò gbé yín dìde?

Ẹ má bínú, mo ti dá Mísìs Adérónkẹ́ lóhùn. Mo ní mò ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni n óò máa gbé, n óò máa wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láràárọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yóò ní Mùjídàt lọ, kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lórí fóònù mọ́ pé ẹ wà dáadáa. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ó má jẹ́ kí n pẹ́ jù kí n tó dé, kí ó jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Mùjídàt.

Mo gbàgbé: mo bẹ Ìyá Philip pé kó pe ọmọ rẹ̀, kó sọ òótọ́ fún un. Ó ní òun máa pè é bí yìnyín bá ti yọ́. Ó ti yọ́ tán láti ìjẹta. Kò tíì pè é.