Èsì Òwe Tí Mo Ṣì Ń Dúró Dè

Bàbá mi tí mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì kẹta ni mo dé, ẹ sì mọ ẹni tó dá mi dúró níbẹ̀. Mo mọ̀wé ju bí àwọn ará àdúgbò ṣe rò lọ o. Ọkàn mi ni kò sinmi lónìí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá. Bó bá di aago mẹ́wàá, Múníra, ọmọ ọmọ mi, yóò dìde níwájú àwọn àgbààgbà ní Ìlọrin láti sọ̀rọ̀, èmi àti òun kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìjẹta.

Ẹ kò mọ Múníra. Ìyá rẹ̀ pàápàá, lẹ́yìn tí ẹ ti papò dà ni mo bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ mi níbí ní Òmù-Àrán ló ń gbé. Iwájú orí rẹ̀ yọ síta bíi tiyín, kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má fèsì.

Ẹgbẹ́ kan wà nílé-ìwé wọn tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ́ ọmọ bí a ti ń jiyàn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà jù ni wọ́n ń fún ní ife. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí, wọn a kọ ìhà méjèèjì sí bébà méjì, wọn a sì ká wọn. Ibi tí ọmọ bá fọwọ́ mú ló gbọ́dọ̀ gbè, ìbáà gbà á gbọ́, ìbáà má gbà á gbọ́.

Èmi kò mọ ìyẹn nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ. Wọ́n ní kí wọ́n jiyàn lórí iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọ́fíìsì, èwo ló sàn jù. Ọmọ tí iṣu oko wa ní Rórè wò dàgbà dìde, ó ní iṣẹ́ oko kò dára! Ó ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ìyá-ìyá òun bó ṣe tẹ̀, ó sì nàka sí mi. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú padà. Bàbá, mo nà ró ṣánṣán bí òpó, mo fẹ́ ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fún un ní ife. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀yìn fi dùn mí.

Wọ́n tún borí ní Òrò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ ọ ní òwe lálaalẹ́ bí a bá ń pa ẹ̀gúsí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Ọ̀fà. Níbẹ̀ ni ohun tó ń já mi láyà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni wọ́n jiyàn lé lórí ní Ọ̀fà, bóyá ó yẹ kí ọmọ máa mú un lọ sílé-ìwé. Múníra gbè é lẹ́yìn. Mo ti kọ́ ọ ní òwe tí yóò fi kádìí rẹ̀, mo sì ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í pa òwe níwájú àgbà kó má tọrọ gáfárà. Nígbà tó débẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà.” Ó wá dákẹ́. Ó ń dúró kí wọ́n dá a lóhùn pé wàá rí òmíràn pa, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó dúró.

Wọn kò dáhùn. Àwọn adájọ́ márùn-ún jókòó síbẹ̀ bí àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Àṣé òfin wọn ni pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ọmọ ń dúró. Ẹnì kan wúkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹni tó di agogo mú sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Múníra wà tí agogo fi dún, òwe náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló kó wọn yọ, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi borí.

Tíṣà wọn wá bá mi nílé níjẹta. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ará Àgbámú.

“Màmá, ẹ ṣàánú wa. Ọ̀túnla la máa jiyàn ní Ìlọrin, kó má tún dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Kó kàn máa pa òwe rẹ̀ lọ.”

“Kó máa pa á lọ bí ẹni tí kò nílé?”

“Màmá, aago ò mọ ilé.”

“Bí aago ò bá mọ ilé, èmi mọ̀ ọ́n.”

Múníra ti ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kúnlẹ̀ níwájú èrò bí ẹni tó sọ owó nù.” Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ẹyọ kan. Bí àgbà ò bá dáhùn ńkọ́? Báwo lọmọ ṣe máa ń dìde?”

Bàbá, mo sá fún ìbéèrè ọmọdé. Èmi! Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Láná tí wọ́n ń lọ sí Ìlọrin, ó dúró ní ìloro fún ìgbà díẹ̀, ó ń retí àdúrà. Mo gbọ́ mímí rẹ̀. N kò jáde.

Mo mọ ìdí tí mo fi sá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ẹ̀yin òbí wá sílé-ìwé wa, tí ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀ yín pé kí ẹ má máa mú ọmọ lọ sóko láàárín ọ̀sẹ̀, ariwo ni gbogbo yín pa. Mo dìde, mo kéré bí abẹ́rẹ́. Mo ní, “Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà.” Mo wá ń dúró. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń wò. Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ gbé e lé orúnkún bí ẹ ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ẹ sì ń wo inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo pa òwe náà lẹ́yìn tó pẹ́: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ́ lẹ gbé lé mi lọ́wọ́.

Ṣé mo dójú tì yín ni? Àbí torí ọmọ tuntun tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni, tí kò sí ẹni tó máa ṣe oko? Mo tọ́jú yín títí ẹ fi papò dà, n kò bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ lé mi kúrò nílé-ìwé nítorí ẹnu, ẹ̀yin náà lẹ máa ń bá rédíò jiyàn bó bá ń ka ìròyìn. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹ pa òwe mi fún un. Òwe mi yẹn gan-an, Bàbá. Kí lẹ ní lọ́kàn?

Òwe kan náà ni mo kọ́ Múníra. Ibi tí mo dúró sí ni mo ní kó lọ kúnlẹ̀ sí.

Mo ti gbé bírò kalẹ̀, mo ti pe fóònù tíṣà. Ó gbé e fún Múníra.

“Màmá? Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Tọrọ gáfárà òwe rẹ.”

“Tótó ó ṣe bí òwe o, Màmá.”

“Wàá rí òmíràn pa. Mo ti dáhùn fún gbogbo àgbà Ìlọrin. Bó o bá ti sọ ọ́ tán níbẹ̀, má dúró de ẹnì kankan, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ò tíì gbọ́ òwe, ẹ ti dáhùn!”

“Mo gbọ́ ọ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Alákọrí, Ọlọ́run á gbè ọ́.”

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Bó bá gbàgbé, tó tún ń dúró de ìdáhùn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wà níbi tí ẹ ti lè rí i, ẹ má wo inú fìlà.

Èmi náà rèé. Ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, irọ́ kọ́ ni Múníra pa. Tótó ó ṣe bí òwe o, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò tíì jókòó láti ọjọ́ náà.