Pauline Ògúnrẹ̀mí, Ẹni Tó Dá Èsì Omi Padà fún Wa

Sí ẹbí Ògúnrẹ̀mí ní Agbonou, pàápàá Màmá Lucie tó bí i, Luc ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Aurélie ọmọ rẹ̀.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó wúwo bí ìkòkò omi lórí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ni àwa Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Orísun Olómitútù, ní abúlé wa lẹ́bàá Moretan, fi gbọ́ pé Pauline ti fi ayé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Màmá, a mọ̀ pé ọmọ ló yẹ kó sin ìyá. A kò ní ọ̀rọ̀ tó lè tún èyí ṣe. Ohun tí a ní ni ohun tó ṣe láàárín wa, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ọdún kọkànlá rèé tó kọ́kọ́ wá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Mọ́tò funfun ló gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé, ní òwúrọ̀ tí kùrukùru ọyẹ́ bo ilẹ̀ débi pé ẹni tó ń rìn dà bí igi tó ń rìn. Ọjọ́ ìsinmi orísun ni. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni Olómitútù ń sinmi: a ó fi màrìwò dí i, ẹnikẹ́ni kò ní pọn omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbóhùn sókè nítòsí rẹ̀. Àwọn àlejò ká màrìwò sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bu omi sínú ìgò kéékèèké, wọ́n lọ. Raymond, ààrẹ ẹgbẹ́ yìí, dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ó lè tẹ̀ lé wọn dé ojú títì, níbi tí èèwọ̀ kò dé, kó sọ ọ́ fún wọn. Kò ṣe é. Lẹ́yìn oṣù méjì ni ìwé dé pé omi náà kò dára, pé sìmẹ́ńtì ni wọn yóò fi dí i pa. Orísun kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn.

Pauline nìkan ló padà wá, lórí alùpùpù, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òun lálàá. Nínú àlá náà, àwọn ìgò tí òun bu omi sí tò sórí pẹpẹ ní láàbù, wọ́n ń tàn bí ìrì. Bí òun ti fẹ́ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ìgò kọ̀ọ̀kan ń sọ orúkọ obìnrin kan jẹ́jẹ́, ó sì ń béèrè ìgbà tí wọn yóò mú òun padà sílé.

Ó ti gbọ́ lọ́nà pé ọjọ́ ìsinmi ni àwọn bu omi níjọ́sí. Ó bá Ìyá Ṣàngówáwa, tó ń tọ́jú orísun, lórí àpótí wọn. "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa pé omi ń sinmi?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "O ò bi wá. Ọjọ́ tí a tilẹ̀kùn lẹ wá kí wa, ẹ wá lọ ròyìn pé ilé wa ò ní onílé."

Pauline kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá bi yín báyìí."

"Dìde, ọmọ mi. Aṣọ yẹn dára ju ẹrẹ̀ wa lọ."

Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin abúlé ló ń bu omi fúnra wọn, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, bí Pauline ṣe kọ́ wọn. Wọ́n rí i pé omi ọjọ́ ìsinmi ló ń bàjẹ́, nítorí ewé tó ń rà nínú rẹ̀, àti màlúù tó ń wá mu ún nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. A ṣe ọgbà yí i ká. Omi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ̀fọ́ là ń fi bomi rin. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì parí síbẹ̀.

Kó tó gbé èsì náà lọ sí Lomé, abẹ́ igi máńgòrò ló ti kà á fún wa ní èdè wa, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi dà bí ìtàn tí a ń gbọ́ lójú oorun. Nínú ìwé tó kọ lórí omi náà, orúkọ obìnrin abúlé méje tó ń bu omi ló ṣáájú tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó yọ wọ́n, pé ẹni tí kò kàwé kì í kọ̀wé. Pauline ní ẹni tó ru garawa ló ṣiṣẹ́. Nítorí ìyẹn, ọdún mẹ́fà ni wọn kò fi gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. A kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí; ọ̀sẹ̀ yìí ni Luc sọ ọ́ fún wa.

Raymond náà kò sọ fún Pauline rí pé òun wà lẹ́bàá ọ̀nà níjọ́ kìíní. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sún un síwájú. Ìwé yìí ló fi ń sọ ọ́, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Màmá Lucie, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò wá kọ ebè iṣu yín kí òjò tó dé. Aurélie, kò sí ilé kan ní abúlé yìí tí kì í ṣe ilé rẹ. Bí a bá sì ń ka èsì lábẹ́ máńgòrò, àyè ìyá rẹ yóò máa dúró dè ọ́.

Ọjọ́ ìsìnkú bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi Olómitútù. A rò pé a kò ní lè gbé omi orísun wá síbi ìsìnkú náà. Ìyá Ṣàngówáwa ló ránṣẹ́ pé: "Ọjọ́ tí a tilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ wá. Ọjọ́ tí a tilẹ̀kùn náà la ó ṣí i fún un." Ìyá fúnra wọn ni yóò ká màrìwò. A ó se omi náà kí a tó gbé e wá sí Agbonou, gẹ́gẹ́ bí Pauline ti kọ́ wa.

Kí Ọlọ́run, orísun tí kò ní ọjọ́ ìsinmi, máa sun ìtùnú sí yín lọ́kàn. Kí ó mú Pauline dé ibi tí omi ti mọ́ gaara. Kí ó má sì jẹ́ kí a tún dákẹ́ níbi tó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀. Àmín.

Raymond Kòkúmọ́,
Ààrẹ, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.