Mo Na Ọmọ Mi Nítorí Gàrí Ọ̀sán Ààwẹ̀

Mo na ọmọ mi, mo nà án níṣojú gbogbo ilé, mo pè é ní kèfèrí, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ mí, kò ṣẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ̀yin ìyá jù lọ, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán… torí tí n kò bá rí ẹnì kan sọ ọ́ fún, orí mi máa dàrú.

Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọkùnrin ni mí. Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó ni ìyàwó mi kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi. Ọmọ náà ti pé ọdún méjìlá báyìí, ó ti fẹ́ jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ìyàwó mi tó kú, ohun kan péré ló bẹ̀ mí. Ó ní inú kíláàsì ni òun ti rí nǹkan oṣù òun àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ti sọ nǹkan kan fún òun rí, òun rò pé òun fẹ́ kú ni, àwọn ọmọ kíláàsì sì fi òun ṣẹ̀sín títí òun fi jáde. Ó ní kí n má jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ṣèlérí.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Imusin ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n jẹ́ kí ọmọ náà wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí òun ṣàlàyé ara obìnrin fún un. Mo ní ọmọdé ni, kí wọ́n ṣe sùúrù. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tó bá débẹ̀, tó gbádùn ọwọ́ obìnrin, kò ní fẹ́ padà sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo wá ní èmi fúnra mi á ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ òwú léra fún obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, mo sì rán mẹ́fà, funfun, mo ṣẹ́ etí wọn dáadáa kó má baà ha á lára. Mo kó wọn sínú dúróà máṣíìnì mi, mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá pè é. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀… ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀… bẹ́ẹ̀ ni ààwẹ̀ ṣe wọlé.

Ọmọ náà ń gbààwẹ̀ dáadáa, òun gan-an ló ń jí mi sààrì, inú mi ń dùn. Ìgbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí á túnu ni mo rí i pé kì í dúró kírun lẹ́yìn mi mọ́. Á tẹ́ ẹní fún mi, á ní òun ń lọ fọ abọ́. Mo ń wò ó, inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kí n lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, mo bá ọmọ mi lẹ́yìn balùwẹ̀, ó lóṣòó, ó ń mu gàrí. Nínú ààwẹ̀ o! Igi tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lábíyá mi, òun ni mo fi nà án. Gbogbo ayálégbé jáde. Mo ń pariwo pé ọmọ mi ti di kèfèrí, pé ìyá rẹ̀ á máa sunkún níbi tó wà… ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ! Mo ní kó sọ ìdí tó fi mu gàrí. Kò sọ. Ó ń wò mí ṣáá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àìsọ yẹn ló tún jẹ́ kí n nà án sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣí àpótí ìyá rẹ̀, mo fẹ́ yọ ìró kan níbẹ̀ kí n fi rán aṣọ ọdún fún un, bóyá inú rẹ̀ á yọ́ sí mi. Wọ́n ti gé lára ìró náà. Télọ̀ ni mí, mo mọ aṣọ tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé, mo mọ èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ ìdáná gé. Sísọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ mi kò láyà láti tọrọ ọ̀kan. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí àwọn èyí tó gé, ó ti fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí páálí níbi tí oòrùn ò dé, wọn ò tíì gbẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé kéú pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, kì í kírun. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i! Kí ló dé tí kò wá sí mi lọ́kàn? Òfin Ọlọ́run ni ọmọ ń pa mọ́ tí mo fi nà án.

Mo ti pè é nígbà mẹ́ta láti bá a sọ̀rọ̀. Á wá, á kúnlẹ̀, á ní Bàbá mi, ẹ pè mí. Màá kàn ní kó lọ ra òwú dúdú wá. Òwú dúdú ti kún ṣọ́ọ̀bù, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi rán. Aládùúgbò wa kan wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, pé tí ilé ìwé bá gba ọlidé, kí wọ́n wá mú òun lọ pátápátá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kó aṣọ mẹ́fà yẹn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí n má sọ nǹkan kan? Tí ojú bá wá tì í, tí kò lè wò mí mọ́ ńkọ́? Ṣé kí n jẹ́ kó máa lọ sí Imusin? Níwájú gbogbo ayálégbé ni mo ti nà án, níwájú wọn ló yẹ kí n ti bẹ̀ ẹ́… ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́, ṣé n kò ní tú àṣírí rẹ̀ fún gbogbo ilé?

Ọdún ti kọjá, gbogbo èèyàn ti ń jẹun wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ mi kì í ti í jẹun ọ̀sán. Mo bu ìrẹsì fún un, ó ní òun ò tíì fẹ́ jẹ. Ààwẹ̀ ló ń gbà, ó ń san àwọn ọjọ́ tó jẹ padà láìsọ fún mi, ọjọ́ tí mo nà án sì wà nínú rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo ti po ògì, mo ti ra àkàrà. Tí mo bá gbé e síwájú rẹ̀ fún ìṣínu, á mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ìyá, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?