Kí Màmá Tó Wọlé Wa

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Màmá ń bọ̀ wálé! Mo fẹ́ tún un kọ: Màmá ń bọ̀ wálé.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní kò sí oògùn tó lè wo àrùn tó ń ṣe Màmá mọ́, pé ohun tó kù ni kí ìrora má fìyà jẹ wọ́n. Orí ìdúró ló ti sọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lónìí, obìnrin wẹ́fíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí àwọn aláìsàn fa àga, ó jókòó, ó bi mí pé ibo ni Màmá fẹ́ wà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti sọ ọ́ ní Ajókòó. Ó ní òun á bá wa yá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nọ́ọ̀sì á sì máa wá sílé.

Ìṣẹ́gun, 5
Àyà mi ń já. Bí ìrora bá dé lóru ńkọ́? Bí ọmọ ọwọ́ mi bá ń ké, tí Màmá náà ń kérora — ta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn? Ajókòó ní kí n ka gbogbo ẹ̀rù mi fún òun. Mo kà á títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun náà bímọ.

Ọjọ́rú, 6
Bẹ́ẹ̀dì dé! Kò gba ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà àdúgbò tú férémù ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ní olè tó bá fẹ́ jí i, kó yáa mú káfíńtà dání. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmú fi ń da sí mi láṣọ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Wàhálà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ fún Màmá pé ara wọn ń yá ni wọ́n ṣe ń dá wọn sílẹ̀. Ajókòó ò bá wa jà. Ó ní òun ò kàn ní di irọ́ mọ́ ẹrù Màmá ni. Pé bí ara wọn bá ń lọ sílẹ̀, wọ́n á rò pé àwa la ò tọ́jú wọn dáadáa.
“Ẹ̀yin lẹ máa sọ òótọ́ fún wọn. Èmi á kàn jókòó tì yín.”
Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló fẹ́ la ẹnu sọ ọ́. Mo ní èmi. Mi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu.

Ẹtì, 8
Mo dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo padà.

Àbámẹ́ta, 9
Mo ti sọ ọ́. Ajókòó jókòó tì mí. Mo ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, mo ń sọ̀rọ̀ férémù. Màmá ní kí n gbé ọmọ fún àwọn ná. Ìgbà yẹn ni mo sọ pé, Màmá, kì í ṣe pé ara yín yá.
“Mo ti mọ̀ kí ẹ̀yin tó mọ̀. O ń fọ́mọ lọ́mú. Mo ní kí ìbànújẹ́ má lọ mú omi ọmú ẹ gbẹ.”
Wọ́n wá kọjú sí Ajókòó, wọ́n bi í bóyá àwọn ṣì lè lọ. Ó ní lọ́la. Màmá ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá gbé àwọn, ṣùgbọ́n kó má sunkún nínú mọ́tò o, àwọn ò lókun tí àwọn fẹ́ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé ilé.

Àìkú, 10
Màmá wà nínú yàrá wa. Mo ń gbọ́ èémí wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.
Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, wọ́n ní kí n wá. “Kò sí irọ́ láàárín wa mọ́. Ohun tó o bá fẹ́ bi mí, bi mí.”
Ọ̀rọ̀ ńláńlá kún inú mi. Èyí tó bọ́ lẹ́nu mi ni pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń mọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, bóyá ebi ló ń pa mí ni àbí inú ló ń run mí.
“Mi ò mọ̀ ọ́n rí,” ni wọ́n wí. “Mo kàn ń ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni.”
Ìbéèrè kejì ti wà lẹ́nu mi.