Tòmátì Yín Tó Kù ní Makepe

Bàbá mi àtàtà,

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tòmátì yín tán. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́. Nínú ogún ìdí tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé wa ní Makepe kí ẹ tó wọ ọsíbítù, mẹ́fà péré ló kù.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí kríìsì, ọ̀dá owó tó bá gbogbo ìlú, ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín pa ní Akwa, tòmátì yìí ni Màámi ń gbé lọ tà lọ́jà Ndokoti, òun la fi ń jẹun. Tí mẹ́fà yìí bá tún lọ, kí ló máa gbé lọ sọ́jà? Kò bá mi wí o. Ó kàn ń ṣa èyí tó jẹrà sínú garawa láràárọ̀, á sì máa wò mí. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Àfọwọ́fà ni. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ Douala kì í bá èèyàn ṣeré. Tí ewé bá ti rọ lọ́sàn-án, mà á tún fa omi kànga, mà á dà á lé wọn lórí, tewé tòdòdó. Ewé pọ́n, gbòǹgbò rà, èso là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìka lẹ̀yin máa ń kọ́kọ́ tì bọlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ẹ ó kọjá lọ. Tó bá gbẹ, ẹ ó fi agolo tí ẹ fi ìṣó dá lu nídìí wọ́n ọn, ìdí nìkan, láàárọ̀ kùtù. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí yín tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ yẹn ní ọsíbítù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ tọrọ omi lọ́wọ́ mi. Àwọn dókítà ti kìlọ̀ pé kí n má fún yín, nítorí iṣẹ́ abẹ. Mo fi aṣọ tútù nu ètè yín, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò padà mu ún. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè rí ohun tó rọ kí n má bomi rin ín. Ṣé ẹ bínú sí mi? Ṣé òùngbẹ yẹn bá yín lọ?

Lọ́sàn-án òní, ewé tún rọ. Mo ti fa omi kí n tó rántí. Mo ti ìka bọlẹ̀, ó ṣì tutù. Mo nu ọwọ́ sára ṣòkòtò yín tí mo wọ̀, mi ò sì bomi rin ín.

Mo gbé omi náà wá sídìí sàréè yín, níbi tí ẹ sùn sí. Agolo yín ni mo fi ń wọ́n ọn, díẹ̀díẹ̀. Ẹ mu ún, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ò tán lọ́kàn rẹ̀.