Bíréèkì Oníyàrá Méjì Tí Dosu Fi Sínú Píjò Bàbá Rẹ

Gbaji, lọ́nà Badagry,
Oṣù Kẹta, 1982.

Mùsílíù Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Èkó ń gbè ọ́? Omi kò ní gbé ọ lọ, iná kò ní jó ọ, ọ̀nà tí o ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Àpápá kò ní di ọ̀nà ẹkún, àmín. Ara mi le, ara Láídé ìyàwó bàbá rẹ náà le, àgbọn so dáadáa, ẹja nìkan ló wọ́n.

Ohun tó mú mi mú bírò ni ọ̀rọ̀ Píjò bàbá rẹ, èyí tí wọ́n rà kí a tó bí ọ. Wọ́n ń ti Seme bọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn kàn wọlé lọ bí ẹni tẹ ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ kò dúró. Inú iyanrìn lábẹ́ àgbọn ni wọ́n darí rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sáláṣí, n kò sì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Dosu, mẹkáníìkì ará Ajara, ọmọ Ègùn tó máa ń kọrin lábẹ́ ọkọ̀. Ó wò ó títí, ó ní ìyá, máásítà ti gbó, a máa yọ ọ́, a máa fi tuntun síbẹ̀. Mùsílíù, inú bí mi! Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, mo ní ọkọ mi kò tíì gbó, bó bá tiẹ̀ gbó, ta ni yóò yọ ọ́ lójú mi? Dosu rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àṣé irin kan tó dà bí ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń pè ní máásítà, òun ló ń ti òróró lọ sídìí táyà bí èèyàn bá tẹ bíréèkì.

Ó ní yàrá kan ṣoṣo ni ti àtijọ́ ní, bó bá ti jò, gbogbo táyà ló pàdánù bíréèkì. Òun fẹ́ fi ti Píjò tuntun síbẹ̀, tó ní yàrá méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Mo ní ó yé mi, ilé olórogún ni: bí inú bá bí mi tí n kò dáná, Láídé á dáná, bàbá rẹ kò ní fi ebi sùn. Ó wá irin náà dé Kútọnu, ó lu ihò tuntun, ó tẹ páìpù, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń di irun ọmọdé. Mo gbé òróró àgbọn wa tó mọ́ jù lọ fún un kó dà sínú rẹ̀, nítorí èyí tó wà nínú agolo rẹ̀ ń rùn. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní òun á fi dín ẹja, pé òróró tó bá dùn lẹ́nu kì í dá ọkọ̀ dúró.

Síbẹ̀ bàbá rẹ kò fẹ́ wà á. Àfìgbà tí Deborah, ìyàwó apẹja ẹ̀yìnkùlé wa, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, tí agbẹ̀bí ní ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi wáyé, ká sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Badagry. Ọkọ rẹ̀ wà lójú omi. Bàbá rẹ wo ọkọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n bi mí bóyá kí àwọn wà á. Mo ní bí ẹ kò bá wà á, ta ni yóò wà á? Mo wọlé, mo gbé orí Deborah lé itan.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ajara, màlúù ya bo títì. Bàbá rẹ tẹ bíréèkì, nǹkan ta pòó lábẹ́ ọkọ̀, páìpù iwájú ti bẹ́! Mo ti ń ka kálímà. Ọkọ̀ kérora, ó fà díẹ̀, ó sì dúró, màlúù kan ń mí sí gíláàsì wa. Bàbá rẹ kàn ní, yàrá kejì ni. Wọ́n rọra wà á dé ọsibítù, Deborah sì bí obìnrin, ìyá àti ọmọ wà láyọ̀.

Nígbà tí Dosu gbọ́, ó sáré wá, omi lójú rẹ̀, ó ní òun ni kò pààrọ̀ páìpù iwájú. Bàbá rẹ, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ṣí fìlà orí wọn, wọ́n fi dé Dosu lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ náà dé e wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó ń kọrin.

Jọ̀ọ́, fi owó páìpù ránṣẹ́, kí o fi agolo òróró bíréèkì kún un, èyí tó ń rùn dáadáa, nítorí mo gbọ́ pé òun ló lágbára. Bí o bá sì ń bọ̀ nílé, má wọ ọkọ̀ èrò. Bàbá rẹ ní àwọn ń bọ̀ wá gbé ọ. Ẹlòmíràn a máa fi eré ọkọ̀ yangàn, ìdúró ni tiwọn.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tó mọ iṣẹ́ sí ọ̀nà rẹ, ibi tó yẹ kí o dúró, o kò ní kọjá rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmínátù.